Ẹ̀wà GMO dé oko Ghana, ìwòsàn jíìnì kò dé Kumasi: Ta ló ń yan fún ará Kejetia?

Ní ọjà Kejetia ní ìlú Kumasi, inú àpò ńlá ni wọ́n ti ń bu ẹ̀wà sínú agolo ìwọ̀n tí àwọn ará Ghana ń pè ní olonka, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń fi kóńgò wọn tiwọn. Oníbàárà á ki ọwọ́ bọ inú àpò, á wò ó bóyá kòkòrò ti dá a lu, á ná an, á sanwó. Bó bá délé, á fi se waakye, tàbí kó lọ̀ ọ́ fún koose, èyí tí Yorùbá mọ̀ sí àkàrà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọwọ́ kò lè tọ́ wò, tí ojú kò sì lè rí lára ẹ̀wà náà: bóyá wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà ní ilé ìwádìí kí ó tó dé oko.

Ọdún 2024 ni ìbéèrè yìí kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan ní Ghana. Ọdún náà ni irúgbìn Songotra T, ẹ̀wà GMO tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba ṣe, jáde fún àwọn àgbẹ̀. Òun ni ohun ọ̀gbìn GMO àkọ́kọ́ tí Ghana fọwọ́ sí fún gbígbìn àti títà.

Kò sì jìnnà sí ọjà náà ni ilé ìwòsàn ńlá Komfo Anokye wà. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ń gbé àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, lọ fún ìtọ́jú. Ìmọ̀ jíìnì ti mú ìwòsàn tuntun jáde fún àìsàn yìí, Britain àti Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2023. Àmọ́ owó rẹ̀ ju agbára àwọn òbí wọ̀nyí lọ.

Ìmọ̀ kan náà ló yọ sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ará ọjà kò bèèrè fún ti dé oko. Èyí tí ìyá ọlọ́mọ ń gbàdúrà fún kò tíì dé ìlú. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ìmọ̀ jíìnì nílẹ̀ Áfíríkà fi ju "ṣé ó léwu àbí kò léwu" lọ. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ló ń yan, ta ló sì ń jẹ èrè rẹ̀?

Kí ni Songotra T gan-an?

Songotra kì í ṣe orúkọ tuntun fún àwọn àgbẹ̀ àríwá Ghana. Ẹ̀wà tí wọ́n ti ń gbìn tẹ́lẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ SARI tó wà ní Nyankpala, lẹ́bàá Tamale, ló mú ẹ̀wà yìí, tí wọ́n sì fi jíìnì kan kún tirẹ̀. SARI jẹ́ ẹ̀ka CSIR, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Ghana.

Ọ̀dọ̀ bakitéríà kan tó ń gbé inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis, ni wọ́n ti mú jíìnì náà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀wà fúnra rẹ̀ ní èròjà tó ń pa kòkòrò Maruca.

Kò sí àgbẹ̀ ẹlẹ́wà tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ Maruca, bí kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ló ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, tó tún ń dá èèpo ẹ̀wà tútù lu láti jẹ ọmọ inú rẹ̀. Bó bá ya bo oko tí àgbẹ̀ kò fín oògùn sí, ó lè ba tó ìdá 80 nínú ìdá 100 irè oko náà jẹ́.

Nítorí náà, oògùn kòkòrò ni àgbẹ̀ gbójú lé. Àwọn onímọ̀ tó ṣe Songotra T ní ẹni tó ń fín oògùn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lásìkò kan lè dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì pére tó bá gbin irúgbìn tuntun yìí.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ṣe pàtàkì nínú àríyànjiyàn náà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ń gbé agolo oògùn kọ́ ẹ̀yìn láìní ìbọ̀wọ́, láìní ìbòmú. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀wà tí kì í ṣe GMO ni ẹ̀wà tí kò ní kẹ́míkà lára ń ṣe àṣìṣe. Nínú ọ̀pọ̀ oko, ohun tí à ń fi wéra ni ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà àti ẹ̀wà tí wọ́n fín oògùn sí léraléra.

Ghana kọ́ ló kọ́kọ́ gbé ìgbésẹ̀ yìí. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR ti fásitì Ahmadu Bello ní Zaria ti ṣe irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pè ní SAMPEA 20-T. Ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Ẹ̀wà kì í sì í dúró sí orílẹ̀-èdè kan. Láti Kano àti Burkina Faso títí dé etí òkun, àpò ẹ̀wà ń kọjá ẹnubodè lójoojúmọ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn ní Èkó, ẹni tó ń jẹ atassi ní Cotonou àti ẹni tó ń jẹ waakye ní Kumasi, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wọn.

Ṣé ó léwu fún ara?

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn oúnjẹ GMO tó wà lórí ọjà àgbáyé ti gba àyẹ̀wò kọjá, àti pé kò jọ pé wọ́n lè ṣe ìpalára fún ìlera ènìyàn. Ṣùgbọ́n àjọ náà tún ní kí wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀, nítorí jíìnì tí wọ́n fi sí èyí yàtọ̀ sí ti ìyẹn.

Ní ti ẹ̀wà yìí, àwọn onímọ̀ ní ikùn kòkòrò ni èròjà náà ti ń ṣiṣẹ́. Ikùn ènìyàn kò ní ohun tí èròjà náà máa ń dì mọ́ kí ó tó lè ṣe ọṣẹ́. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ lágbàáyé ti ń fín bakitéríà yìí kan náà sí ewébẹ̀, títí kan àwọn tí kì í lo kẹ́míkà rárá.

Àwọn tó ń tako GMO kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Nnimmo Bassey àti àjọ rẹ̀ HOMEF ti pẹ́ lẹ́nu ìpolongo pé àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe kò tó, àti pé ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn irúgbìn ìbílẹ̀ wà nínú ewu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé aṣòfin kékeré Nàìjíríà pàṣẹ ìwádìí lórí oúnjẹ GMO, wọ́n sì ní kí ìjọba dáwọ́ fífọwọ́ sí àwọn tuntun dúró ná.

Ewu kan wà tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò fi pamọ́: kòkòrò lè borí jíìnì náà. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní South Africa, níbi tí kòkòrò tó ń jẹ igi àgbàdo ti mọ́ra sí àgbàdo GMO láàárín ọdún díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n fi apá kan oko sílẹ̀ fún irúgbìn tí kì í ṣe GMO, kí gbogbo kòkòrò má baà mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ àgbẹ̀ tí gbogbo oko rẹ̀ kò ju sarè kan lọ, mélòó ni yóò fi sílẹ̀ fún kòkòrò?

Ẹjọ́ ọdún mẹ́sàn-án

Ọdún 2011 ni Ghana ṣe òfin tó fàyè gba GMO, ìyẹn Act 831. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Food Sovereignty Ghana gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ láti dá ẹ̀wà àti ìrẹsì GMO dúró. Ẹjọ́ náà falẹ̀ títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, kí ilé ẹjọ́ gíga tó dá a nù pé àwọn tó pẹjọ́ kò mú ẹ̀rí tó wá láti fi hàn pé oúnjẹ GMO ń ṣe ìpalára.

Kí ìdájọ́ náà tó jáde, ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, àjọ National Biosafety Authority kéde pé òun ti fọwọ́ sí ohun ọ̀gbìn GMO 14 mìíràn, mẹ́jọ jẹ́ àgbàdo, mẹ́fà jẹ́ sóyà. Ariwo sọ. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àjọ kan wà tó ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ìjọba rí kọ́ nínú ariwo náà rèé. Ilé ẹjọ́ lè sọ pé kò sí ẹ̀rí ìpalára, òfin sì lè wà láti ọdún 2011. Síbẹ̀, ẹni tí wọn kò bá sọ nǹkan fún kí wọ́n tó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ yóò máa fura sí i, bí oúnjẹ náà tilẹ̀ dára. Yorùbá ní abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó bèèrè ńkọ́?

Lébẹ́ẹ̀lì kì í dé inú olonka

Ìlànà tí Ghana ṣe lọ́dún 2019 sọ pé kí lébẹ́ẹ̀lì wà lára ọjà GMO. Lórí ìwé, ẹ̀tọ́ oníbàárà ti dájú. Bí ó bá wọ ilé ìtajà ńlá, tó mú agolo ẹ̀wà tàbí páálí ìyẹ̀fun, ó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ta ẹ̀wà ní Kejetia? Àgbẹ̀ kan ní àríwá á kó tirẹ̀ jáde, alárinà á dà á pọ̀ mọ́ ti àgbẹ̀ mẹ́wàá mìíràn, ọkọ̀ á kó o dé Kumasi, oníṣòwò ńlá á pín in fún àwọn alátùntà, alátùntà á sì bù ú sínú olonka. Kí ẹ̀wà tó dé ìkòkò, ó ti gba ọwọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá. Kò sí ibi tí lébẹ́ẹ̀lì ti lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Bí oníbàárà bá wá bèèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á bóyá GMO ni, òótọ́ tó lè sọ ni pé òun kò mọ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwọ̀ Songotra T kò yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó sọ fún un nígbà tó ń ra àpò tirẹ̀.

Ọjà yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana, àwọn Yorùbá wà lára àwọn oníṣòwò tí wọ́n gbajúmọ̀ ní ọjà Kumasi. Ẹni tó bá mọ bí ọjà irú èyí ṣe ń rìn yóò mọ̀ pé ìgbàgbọ́ ló gbé e dúró. Oníbàárà gba alátùntà gbọ́, alátùntà gba ẹni tó já ọjà fún un gbọ́. Bí ìròyìn kan bá jáde lọ́la pé ẹ̀wà kan kò dára, kì í ṣe ilé ìwádìí ní Nyankpala ni oníbàárà yóò bá jà. Obìnrin tó wà nídìí olonka ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò dà lé lórí.

Ta ló ni irúgbìn?

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé àgbẹ̀ yóò di ẹni tó ń ra irúgbìn lọ́wọ́ iléeṣẹ́ òkèèrè lọ́dọọdún. Ní ti ẹ̀wà yìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ẹ̀wà máa ń gbọ́mọ fúnra rẹ̀, nítorí náà àgbẹ̀ lè fi irúgbìn pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Monsanto tó ni jíìnì náà sì yọ̀ǹda rẹ̀ láìgba owó, nípasẹ̀ àjọ AATF tó wà ní Nairobi.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà ní ìtàn lẹ́yìn. Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ sí í gbin òwú GMO ti Monsanto lọ́dún 2008. Kòkòrò dínkù, irè pọ̀. Àmọ́ okùn òwú náà kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, iye tó ń tà ní ọjà àgbáyé sì já wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016, àwọn iléeṣẹ́ òwú orílẹ̀-èdè náà ti ń padà sí irúgbìn wọn àtijọ́. Kò sẹ́ni tó kú nítorí òwú náà. Owó ni ó kú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé irúgbìn lè gba àyẹ̀wò ìlera kọjá, kó má sì gba àyẹ̀wò ọjà kọjá.

Ní ilé ìwòsàn, ìbéèrè náà yí padà

Kúrò ní ọjà, gba ọ̀nà Bantama lọ sí Komfo Anokye, ohùn àwọn ènìyàn yóò yàtọ̀. Bí ará ọjà bá ń bèèrè pé "kí ló dé tí ẹ gbé e wá?", ohun tí àwọn òbí tó wà ní ilé ìwòsàn ń bèèrè ni pé "kí ló dé tí kò tíì dé?"

Kumasi ní ìtàn pàtàkì nínú ìtọ́jú fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́dún 1995 ni ètò àyẹ̀wò ọmọ tuntun fún àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwaku Ohene-Frempong, oníṣègùn ọmọ Ghana tó kú lọ́dún 2022. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé nǹkan bí ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń bí ló ní àìsàn náà. Áfíríkà ni wọ́n ti ń bí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn ọmọ tó ní in lágbàáyé, Nàìjíríà ló sì ṣíwájú.

Ìwòsàn tuntun tó ń jẹ́ Casgevy ń lo ìmọ̀ CRISPR, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020. Àwọn dókítà á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún jíìnì kan ṣe nínú rẹ̀ kí ara lè padà máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò, wọ́n á sì dá a padà sára ẹni náà. Britain fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá. Victoria Gray, obìnrin ará Mississippi tó kọ́kọ́ gbà á ní Amẹ́ríkà fún àìsàn yìí lọ́dún 2019, ti sọ káàkiri ayé bí ìrora rẹ̀ ṣe lọ.

Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní England tí ìjọba ti ń sanwó ìtọ́jú fún ará ìlú, nǹkan bí ènìyàn 50 lọ́dún ni wọ́n ní yóò lè rí i gbà.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Kí sẹ́ẹ̀lì tuntun tó wọlé, oògùn líle ni wọ́n fi ń pa èyí tó wà nínú mùdùnmúdùn egungun tẹ́lẹ̀, oògùn náà sì lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́. Fún ọ̀dọ́bìnrin kan ní Kumasi tàbí ní Abẹ́òkúta, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ta ni yóò ṣe ìpinnu náà: ọmọ tó ń jẹ̀rora, àbí òbí tó ń retí ọmọ-ọmọ?

Lóòótọ́, ohun tí wọ́n bá yí padà nípasẹ̀ Casgevy kì í ran ọmọ tí ẹni náà bá bí lọ́jọ́ iwájú. Ààlà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ lágbàáyé fi lélẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí He Jiankui, onímọ̀ ará China, kọjá ààlà náà lọ́dún 2018, tó yí jíìnì àwọn ọmọ padà kí wọ́n tó bí wọn, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni wọ́n jù ú sí.

Nígbà tí ìyọ̀ǹda ẹnì kan kò tó

Aláìsàn lè fọwọ́ sí ìwé fún ara rẹ̀. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé fún abúlé? Ní oṣù Keje ọdún 2019, àjọ Target Malaria tú akọ ẹ̀fọn tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà sílẹ̀ ní abúlé Bana ní Burkina Faso, gẹ́gẹ́ bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwádìí láti gbógun ti ibà. Àwọn ẹ̀fọn náà kò lè bímọ. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Burkina Faso pàṣẹ pé kí iṣẹ́ náà dúró.

Ẹ̀fọn kò mọ ẹnubodè, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà inú àpò. Ìdí nìyí tí ìpinnu orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fi ń di ìpinnu aládùúgbò rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi aládùúgbò náà.

Ohun tó ṣeé ṣe báyìí

Kò pọn dandan kí Ghana yan láàárín gbígba gbogbo rẹ̀ àti kíkọ gbogbo rẹ̀. Bí lébẹ́ẹ̀lì kò bá lè dé inú olonka, ó lè dé ara àpò. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò ńlá tó ń já ọjà láti àríwá ni ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí alátùntà lè rí ìdáhùn fún ẹni tó bá bèèrè. Àwọn ìyá ọjà tó ń darí ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà sì yẹ kó wà níbi ìpàdé kí wọ́n tó fọwọ́ sí irúgbìn tó kàn, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn ní Twi àti Hausa, kì í ṣe ní gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ìjọba.

Ní ti fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ lónìí kò lè dúró de ọjọ́ tí Casgevy yóò dínwó. Lọ́dún 2022, Ghana fi oògùn hydroxyurea, tó ń dín ìrora náà kù, sábẹ́ ètò adójútòfò ìlera NHIS. Àyẹ̀wò ọmọ tuntun tí Kumasi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995 kò sì nílò jíìnì tuntun kankan kó tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ ni, àti ìjọba tó fẹ́ sanwó rẹ̀.

Bí ìjọba bá ń fẹ́ kí ará ìlú fọkàn tán ìmọ̀ jíìnì tó wà nínú ẹ̀wà, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Komfo Anokye lówùúrọ̀, tó sì gba Kejetia kọjá láti ra ẹ̀wà nírọ̀lẹ́, ènìyàn kan náà ni. Bí ìmọ̀ yìí bá ṣe ọmọ rẹ̀ lóore, yóò rọrùn fún un láti gbọ́ àlàyé nípa ohun tó wà nínú olonka. Títí di ìgbà náà, ìbéèrè rẹ̀ nídìí àpò ẹ̀wà bófin mu, ó sì yẹ kí ẹnì kan ní ìdáhùn fún un.